Amọ̀ Ọdún Omi ní Ankerlow

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Karùn-ún, 1921

Ohun tí mo rí níbi orísun láàárọ̀ yìí: korobá mẹ́fà lórí ìlà, kò sí ẹni tó dúró tì wọ́n. Ẹyẹ dúdú kan nínú ọpọ́n òkúta, omi kò bo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìlà funfun lára ọpọ́n, níbi tí omi ń dé ní èṣín. Omi tó ń jáde lẹ́nu àpáta, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́ mi tó kéré jù. Ìwé tí káńsù lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹnìkan ti fi ẹrẹ̀ pa á lójú.

Ẹrẹ̀ náà kò bo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Wolé-wolé ń bọ̀ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀. Bí omi kò bá tó, wọn yóò fi símẹ́ńtì dí orísun, wọn yóò sì kó àwa tá a wà nínú àwọn ilé apá òkè lọ sí ìlú ńlá, nítorí wọ́n ní a kò lè máa gbé níbi tí omi kò sí. Ilé tiwa ló ṣe ìkẹta níbẹ̀.

Bàbá kà á tán, ó wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní, “Ìlú! Kí ni mo fẹ́ fi ìlú ṣe? Kí n máa sanwó fún omi tó ń jáde lẹ́nu irin?”

Orin ilé àdúrà ni mo fi ń wọn korobá. Mo máa ń kọ ọ́ sínú, n kì í la ẹnu. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, korobá máa ń kún kí n tó parí ẹsẹ kejì. Lónìí mo kọ gbogbo ẹsẹ rẹ̀ tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹfà

Òjò kò rọ̀. Àwọn awakùsà èédú ṣì wà nílé nítorí ìjà owó iṣẹ́, kò sí èédú láti rà. Igi la fi ń dáná. Ẹyin kan ti di tọ́rọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Pursglove. Òun náà ni akọ̀wé ìlú, nítorí náà bí o bá lọ ra iyọ̀, wàá gba ọ̀rọ̀ ìlú ní èènì.

Ọ̀rọ̀ tòní ni pé àwọn àlejò tó ń wa òkúta funfun lórí Òkè Stanlow ló jí omi wa. “Wọ́n ti gbẹ́ dé iṣan rẹ̀,” ni ó wí. “Kí ni omi ì bá tún wá ṣe lọ́dọ̀ wa?”

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹfà

A rẹ àwọn pákó ọdún sínú odò lónìí, kí wọ́n lè mu omi yó kí amọ̀ má bàa sán lára wọn. Lọ́dọọdún, ní Ọdún Omi, a máa ń tẹ́ amọ̀ sójú wọn, a fi awẹ́ òdòdó ya àwòrán sínú rẹ̀, a sì gbé wọn síwájú orísun láti fi dúpẹ́ omi. Àǹtí Zillah jókòó sórí àpótí lábẹ́ afárá, ó ń pàṣẹ. Ọdún márùndínlọ́gọ́rin kò pa ohùn rẹ̀ lára. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ni, gbogbo ìlú ló sì ń pè é ní Àǹtí.

Mósè tó ń lu àpáta la fẹ́ yà sí ojú pákó lọ́dún yìí.

“Mósè yìí gbọ́dọ̀ ní irùngbọ̀n gidi,” ó ní. “Èyí tá a yà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, Pursglove ló jọ. Gbogbo ayé ń rò pé ó fẹ́ ta ṣúgà fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì.”

Mo bi í léèrè bóyá a ó ṣe ọdún bí omi bá gbẹ kó tó dọjọ́ náà. Ó wò mí títí. “Enid, ta ni ń dá aṣọ fún òkú tí kò tíì kú? Gbé pákó yẹn dáadáa.”

Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹfà

A wa amọ̀ lónìí. Bàbá wọ Ihò Amọ̀ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, mo gbé àtùpà tẹ̀lé e dé ibi tí orí mi kò ti gba ìdúró mọ́. Bàbá nìkan ló ń dé ìsàlẹ̀. Nítorí ọ̀dá, ojú amọ̀ ti le bí àwo, ó sì ní láti wà á wọnú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ké sí mi pé, “Mo ti dé ibi tó tutù! Gbé agbọ̀n wá!”

Kò sí amọ̀ tó dà bí tiwa. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tó ti ṣá, bí o bá fi ọwọ́ pa á, yóò máa yọ̀ bí ọ̀rá. Àǹtí Zillah fi ìka méjì dán an wò, ó rẹ́rìn-ín.

“Àwọn ará ìlú Hollin lọ́hùn-ún ń ṣa òkúta nínú amọ̀ tiwọn títí èékánná wọn fi bó. Tiwa, Ọlọ́run ti bá wa ṣà á.”

Àwa obìnrin bọ́ bàtà, a ká aṣọ sókè, a da iyọ̀ sí i, a sì fi ẹsẹ̀ po ó lẹ́yìn ilé àdúrà títí oòrùn fi wọ̀. Àwọn ọkùnrin ní àwọn ń bọ̀ wá ràn wá lọ́wọ́. Itan wa ni wọ́n wá wò. Àǹtí sọ ẹ̀kún ọwọ́ amọ̀ kan lu wọn.

Àìkú, 12 Oṣù Kẹfà

Mo kọ orin náà tán lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ kí korobá tó kún. Omi kò rí báyìí lánàá. Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín òru sí àárọ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Ọ̀gbẹ́ni Pursglove dúró lórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, gbogbo ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ọkùnrin yóò bá òun gun Stanlow lọ bá àwọn olè omi. Ó ní kí wọ́n mú kùmọ̀ dání. Bàbá ní òun yóò lọ. Bí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti rí!

Ajé, 13 Oṣù Kẹfà

Mo lọ wo pákó nínú odò. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo gba Ẹnu Ìṣàn kọjá, ibi tí ihò tí àwọn awakùsà òjé ìjọ́sí gbẹ́ gba abẹ́ òkè ti ń da omi sódò. Ohun tí mo rí: omi tó ń jáde níbẹ̀ pọ̀ ju ti ìgbà òtútù lọ. Kò mọ́. Ó ti ya ìlà aláwọ̀ aró sára òkúta etí odò.

Ọ̀dá ti gbẹ gbogbo kànga. Níbo ni omi yìí ti rí agbára?

Mo fi ìka gbá ohun tó sun sórí òkúta náà, mo fi ìka pa ìka. Ó ń yọ̀. Kò sí òkúta kankan nínú rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹfà

Mo ń rò ó. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹfà

Mo mú àbẹ́là, mo wọ Ihò Amọ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí Bàbá ń sùn. Mo fi ikùn fà dé ìsàlẹ̀, ibi tí n kò dé rí. Mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ bí mo ṣe rí i:

Amọ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ òkè. Ògiri ni. Wọ́n tò ó ní ẹlẹ́sẹẹsẹ, ewé igbó gbígbẹ sì wà láàárín ẹsẹ kan àti èkejì, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ́ ewé sísàlẹ̀ ìkòkò. Nínú ọ̀kan lára àwọn ẹsẹ náà, níbi tí ṣọ́bìrì Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ojú gìgísẹ̀ bàtà oníṣòó wà níbẹ̀ kedere. Ènìyàn ló tẹ̀ ẹ́. Nísàlẹ̀ ògiri náà omi ń sun, ó ń wọ àárín òkúta lọ. Mo gbé etí lé e. Odò odindi ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọlọ́run kọ́ ló bá wa ṣa òkúta inú amọ̀. Àwọn awakùsà òjé ni. Nígbà tí ihò wọn gé omi orísun, wọ́n mọ ògiri yìí láti dá omi náà padà sí ìlú. Àwa sì ń bù ú lọ́dọọdún láti fi ṣe orísun lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọdún tí òjò pọ̀, a kò mọ̀ ọ́n lára.

Mo sáré délé, Bàbá ti lọ. Mo sáré gun Stanlow.

Wọ́n ti dúró ní ìlà méjì kí n tó dé. Royle, ọ̀gá àwọn tó ń wa òkúta funfun, jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀, ó ń jẹ wàràkàṣì.

“Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará Ankerlow,” ó ní. “Ṣé fún oúnjẹ alẹ́ lẹ wá ni, pẹ̀lú igi ìdáná lọ́wọ́?”

“A wá gba omi wa!” ni Ọ̀gbẹ́ni Pursglove wí.

“Omi wo? Ẹ wọ inú ihò mi lọ wò ó. Ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí eku inú rẹ̀ ń bẹ̀ mí fún tíì. Èmi fúnra mi ń fi ẹṣin pọn omi láti odò.”

“Irọ́ lò ń pa, Royle!”

“Bí irọ́ bá ní omi nínú, ẹ bù ú mu.”

Ẹnìkan gbé kùmọ̀ sókè. N kò mọ ìgbà tí mo la ẹnu.

“Bàbá,” mo ní, “amọ̀ wa ni.”

Gbogbo wọn yíjú. Ọ̀gbẹ́ni Pursglove ní, “Kí ni ọmọ Amos Wragg ń wí?” Ẹlòmíràn ní, “Àṣé ó ń sọ̀rọ̀?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dúró títí ẹ̀rín náà fi tán, lẹ́yìn náà mo sọ gbogbo rẹ̀: omi aláwọ̀ aró, ewé, gìgísẹ̀ bàtà. N kò fo ọ̀kankan.

Royle da ìyókù wàràkàṣì rẹ̀ sápò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wo Bàbá, nítorí òun ló ń wa amọ̀ náà. Bàbá wo ilẹ̀. Ó gbé kùmọ̀ rẹ̀ sí èjìká, ó dá nìkan gba ọ̀nà ilé lọ.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹfà

Bàbá kọ ẹ̀yìn sí mi jẹ oúnjẹ àárọ̀. Ó mú àtùpà, ó jáde. Mo fọ àwo kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tó padà, ẹrẹ̀ bo orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó jókòó.

“Òótọ́ lo wí. Bàbá àgbà máa ń sọ pé àwọn ìjọ́sí fi amọ̀ dí omi níbì kan. Mo rò pé apá ibòmíràn lórí òkè ni.” Ó tú okùn bàtà rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo ti mọ ògiri bẹ́ẹ̀ rí níbi iṣẹ́. Ó yẹ kí n dá a mọ̀. Ojú ọdún la máa ń fi wò ó, a kì í fi ojú iṣẹ́ wò ó.”

“Bàbá, ẹ má bínú pé níwájú gbogbo wọn ni mo...”

“Níbo lo ì bá ti sọ ọ́? Nígbà tí wọ́n bá ti fọ́ orí Royle tán?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. “Àfi èmi tí mo gbé kùmọ̀ lọ wá olè, tí mo bá ara mi níbẹ̀. Bu tíì fún mi, ọmọ mi.”

Àìkú, 19 Oṣù Kẹfà

Ìpàdé lẹ́yìn ìsìn. Bàbá ní ògiri náà ṣeé tún mọ, ṣùgbọ́n amọ̀ rere nìkan ló lè dá omi dúró, kò sì sí èyí tó tó o nítòsí. Ó ní a ní òkìtì amọ̀ ọdún àtijọ́ lẹ́yìn ilé àdúrà, tí koríko ajónilára ti bò. Gbogbo ìgbà tí ọdún bá parí, ibẹ̀ la ń dà á sí.

“Ṣé òkìtì yẹn á tó?” ni Ọ̀gbẹ́ni Pursglove bi í.

“Kò ní í tó.”

“Kí ló kù?”

Bàbá yíjú. Ó wo Àǹtí Zillah. Gbogbo wa mọ ohun tó kù: amọ̀ tá a ti tẹ́ sórí àwọn pákó láàárín ọ̀sẹ̀.

Àǹtí dìde. “Ẹ máa wí o! Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni ọdún. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti ìlú ńlá. Yàtọ̀ sí ìgbà ogun, orísun yìí kò ṣe ọdún kankan níhòòhò láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Mósè ti ní irùngbọ̀n!”

Òótọ́ ni. A ti fi kóró dúdú igi etí odò fa ìlà ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, àti ìka ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Òun fúnra rẹ̀ fi irun àgùntàn ṣe irùngbọ̀n náà. Awẹ́ òdòdó nìkan ló kù.

“Ẹ̀gbọ́n,” Bàbá ní, “ta ni a ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́? Pákó ni àbí omi?”

“Má fi ọgbọ́n bá mi sọ̀rọ̀, Amos. Èmi ni mo pọ̀n ọ́.”

Ó jáde. A rò pé ó lọ sílé. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé, ó ń pè wá ní ọ̀lẹ. A bá a lórí ìkúnlẹ̀ níwájú pákó ńlá. Ó ti yọ irùngbọ̀n náà sínú àpò aṣọ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì họ àyà Mósè sínú agbọ̀n.

“Ìyá ìyá mi kò mọ ohun tó ń jẹ́ pákó,” ó ní, kò wo ẹnikẹ́ni. “Ẹ̀ka igi àti òdòdó ni wọ́n máa ń so mọ́ àpáta. Kí lẹ dúró ń wò? Ṣé èmi nìkan ni màá wó o ni?”

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹfà

Gbogbo ara ń dùn mí. Ọjọ́ kẹta rèé tá a ti ń ru amọ̀. Àwọn obìnrin ń po, àwọn ọkùnrin ń gbé e wọlé, Bàbá wà ní ìsàlẹ̀ ihò, ó ń tẹ́ ewé, ó ń tẹ́ amọ̀, ó ń tẹ́ ewé. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á. Ó ní ẹni tó wó o ni yóò mọ ọ́n.

Ní ọ̀sán, Royle àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú igi gbọọrọ tí wọn yóò fi gbé òrùlé ihò ró.

“Ọ̀gbẹ́ni Pursglove,” ó ní, “kùmọ̀ tí ẹ fẹ́ fi lù mí dà? Ẹ mú un wá. Ó máa ṣe ọmọ odó dáadáa.”

Wọ́n sì mú wọn wá lóòótọ́. Àwọn kùmọ̀ náà ni wọ́n fi gún amọ̀ láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Pursglove gún ju gbogbo wọn lọ. Ó tún fún wa ní búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò gba nǹkan kan.

Ẹtì, 24 Oṣù Kẹfà

Bàbá di ihò tó kẹ́yìn ní ọ̀sán. Ó jáde, ojú rẹ̀ funfun, ó sì sùn láìbọ́ bàtà. Mo bá a bọ́ ọ.

Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹfà

Ọdún. Oòrùn mú. A so ẹ̀ka igi tútù àti òdòdó pupa, funfun àti àwọ̀ ọsàn mọ́ gbogbo ẹnu àpáta. Àǹtí gbé irùngbọ̀n náà kọ́ sí àárín. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ó jọ ilé tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ de ẹni tí kò tíì dé.

Obìnrin kan láti ìlú ńlá, onífìlà aláwọ̀ ewé, bi Àǹtí léèrè pé níbo ni àwòrán tí òun sanwó ọkọ̀ wá wò wà.

“Ó wà nínú òkè, ìyáàfin. Bí ikùn yín bá lè fà, ẹ wọlé.”

Omi kò pọ̀ sí i. Gbogbo wa ń wò ó bí ẹni tí kò wò ó.

Ajé, 27 Oṣù Kẹfà

Kò yí padà. Orin náà lẹ́ẹ̀mejì àti díẹ̀. Mo lọ sí Ẹnu Ìṣàn: omi ibẹ̀ ti gbẹ pátápátá. Ìgbà wo ni èyí tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ wa, àbí ó ti wá ọ̀nà míràn lọ?

Bàbá ní, “Inú òkè ṣófo, ó ní láti kọ́kọ́ kún. Omi kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kì í wá nítorí pé a lu agogo.” Ó sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ mo rí i tó ń fi ọwọ́ ra férémù ẹnu ọ̀nà wa, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, níbi tó máa ń fi ọ̀bẹ sàmì gíga mi sí nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹfà

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí níbi orísun: òdòdó tó ti rọ. Irùngbọ̀n Mósè, ó tutù, ó ń kán. Ẹyẹ dúdú náà bà sínú ọpọ́n bó ṣe máa ń ṣe, omi mù ún dé ikùn, ó sì fò jáde pẹ̀lú ariwo.

Mo jókòó sílẹ̀ lórí òkúta. N kò lè pe ẹnikẹ́ni. Àǹtí ló bá mi níbẹ̀, òun ló sì pariwo fún àwa méjèèjì.

Wolé-wolé dé lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, òógùn bò ó. Tunnicliffe ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tí ọrùn aṣọ rẹ̀ há. Gbogbo ìlú dúró yí i ká, Royle náà wà níbẹ̀. Ó gbé korobá rẹ̀ sábẹ́ omi, ó yọ aago. Òun ń wo aago, èmi ń kọrin sínú. Ẹsẹ kìíní. Ẹsẹ kejì. Ní àárín ẹsẹ kẹta, omi náà kún, ó ṣàn bo bàtà rẹ̀.

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó bu omi mu, ó lejú.

“Omi yìí ní iyọ̀ díẹ̀.”

“Ti amọ̀ ọdún ni,” Bàbá ní. “Á ṣàn dànù.”

Ọ̀gbẹ́ni Tunnicliffe tẹ ara síwájú. Ó fi ìka méjì mú kóró dúdú kékeré kan tó léfòó nínú korobá.

“Kí wá nìyí?”

Àǹtí Zillah sún mọ́ ọn, ó wò ó dáadáa.

“Ìka ẹsẹ̀ Mósè ni, ọ̀gá.”

Royle ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wolé-wolé pàápàá gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó ní òun kò ní í dí orísun. Òun yóò padà wá wò ó nínú Oṣù Kẹwàá, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Òun fúnra rẹ̀ ló ya ìwé náà kúrò lára ògiri. Ó bi mí bóyá mo lè fún òun ní ọṣẹ láti fọ ọwọ́, nítorí ẹrẹ̀ ara ìwé náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí ní amọ̀ Hollin la ó máa lò láti àmọ́dún, ká kúkú lọ bẹ̀ wọ́n ní kùtùkùtù. “A ó máa ṣa òkúta bí gbogbo ayé,” ó ní. Ó ní èmi ni n ó ya àwòrán, nítorí mo ń rí nǹkan. Mo ní n kò mọ irùngbọ̀n ṣe. Ó fà á yọ láti inú àpò, ó ṣì tutù, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Bàbá kò wúkọ́ láti ìgbà oúnjẹ. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, mo ń gbọ́ omi láti orí ibùsùn. Mo dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.